Omi Tí Mo Ní Kò Gbóná

Ní oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò kan pátákó kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ ní ilé-ìwádìí tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Orúkọ mi ni wọn yóò kọ sí i. Wọ́n ti ya bí yóò ṣe rí, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì dùn ún wò. Kí wọ́n tó kàn án, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Bí wọ́n bá gbọ́ tán tí wọ́n ṣì fẹ́ kàn án, kí wọ́n kàn án, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí wọ́n kan irọ́ mọ́ ilẹ̀kùn nítorí tèmi. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò padà sókè. Dókítà ti sọ fún mi pé iṣan ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́, kí n má sì gbé garawa omi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, nítorí ọ̀dọ̀ ọkàn ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn màlúù ni.

Tún-un-ṣe ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè mí. N kò kàwé jìnnà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi dúró, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọwọ́ mi kì í ti í gbé jẹ́ẹ́. Bí aago ẹnikẹ́ni bá dúró, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún. Màá tú u sórí aṣọ funfun, màá nù ún, màá tò ó padà. Nígbà mìíràn irin kékeré kan á ṣẹ́ kù sílẹ̀ tí n kò mọ ibi tó ti wá, aago náà á sì máa lọ síbẹ̀. Láti inú aago ni mo ti bọ́ sínú rédíò, láti inú rédíò ni mo ti bọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń fa omi, títí wọ́n fi gbà mí sí ilé-ìwádìí pé kí n máa tún ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá bàjẹ́ ṣe. Wọ́n sì ń bà á jẹ́ gan-an. Ẹni tó lè ka ìwé tó nípọn bíi bíríkì kò mọ̀ pé a kì í gbé ìgò tó gbóná sórí irin tútù.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo. Ẹ̀rí-Dà là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí bí o bá wọlé tí o ní òjò ń rọ̀, tí omi sì ń kán lára rẹ, ohun tó máa bi ọ́ ni pé, “Ẹ̀rí dà?” Akọ̀wé wa máa ń sọ pé ọjọ́ tí ìyàwó ọ̀gá sọ fún un pé òun ti lóyún, ìbéèrè kan náà ló bi í. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má lọ máa wá ẹlòmíràn tí ẹ ó di ẹ̀bi yìí rù.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà ní abẹ́ ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ńlá. Ọlọ́kàn là ń pè é. Ní àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń lọ sí ilé ìpẹran, á gba ọkàn màlúù tó ṣì ń gbóná, á kì í bọ inú garawa yìnyín, á gbé garawa náà lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí dé ibi iṣẹ́. Ó sọ fún mi pé bí ẹni tó jókòó ti òun bá béèrè pé kí ló wà nínú garawa, òun á ní, “Ọkàn ni,” ẹni náà á rẹ́rìn-ín, á wo inú rẹ̀, á sì dìde lọ jókòó síwájú. “Bọ̀ọ̀dá Tún-un-ṣe,” ló máa ń wí, “kò sí obìnrin tó ń rí àyè jókòó nínú bọ́ọ̀sì bíi tèmi.” Èmi ni mo ń kó yìnyín fún un ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò ni mo kà á sí, òun náà sì kà mí sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá ń ka ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe yé mi, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ohun tí mo bàjẹ́ ṣe dára tó kò lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe wúwo tó. Sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di ara wa, bí bíríkì ṣe ń para pọ̀ di ilé, àfi pé bíríkì yìí ń jẹun. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn yàrá ìdáná tíntìntín wà, níbi tí oúnjẹ ti ń jó láìní èéfín, tí agbára fi ń jáde. Ọkàn kì í sinmi láti ọjọ́ tí a ti bí wa, ìdí nìyẹn tí yàrá ìdáná fi kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n agbára inú oúnjẹ kì í bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò bá ti jóná. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí àwọn lébìrà ṣe ń na páànù kọnkéré sí ara wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àwọn lébìrà yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ẹ́nsáìmù. Wọ́n dúró gbọin-in sójú kan nínú ògiri yàrá ìdáná náà, ògiri ọlọ́ràá ni. Ohun tó ń da ọ̀gá láàmú ni pé àlàfo kan wà láàárín lébìrà kan àti èkejì tí ọwọ́ kò lè dé. Ta ló ń gbé ẹrù kọjá níbẹ̀? Ọ̀gá gbà pé ẹ́nsáìmù ńlá kan wà tí a kò tíì rí. Ọlọ́kàn ní rárá. Ó ní ohun kékeré kan ni, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀rá ògiri náà, tó ń gba ẹrù níbí, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, tó sì tún ń padà wá lọ́wọ́ òfo. Irú ohun kékeré bẹ́ẹ̀ tó ń ran ẹ́nsáìmù lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní kò-ẹ́nsáìmù.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí. Ọlọ́kàn á lọ ọkàn màlúù kúnná, á yí i nínú ẹ̀rọ títí èérún aláwọ̀ ilẹ̀ kan á fi rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Yàrá ìdáná náà nìyẹn, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn. Á pín in sínú àwọn ìgò kéékèèké tí èmi fúnra mi ṣe, tí ọrùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì rì wọ́n sínú ọpọ́n omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀rọ á máa mì wọ́n jẹ́jẹ́. Bí èérún náà bá ń mí, á máa fa afẹ́fẹ́ inú ìgò, omi búlúù tó wà nínú ọrùn ìgò á sì máa gun òkè. Bí kò bá mí, omi búlúù á dúró. N kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí: ẹran tó ti kú láti àárọ̀, ó ń mí nínú ìgò tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí omi ọpọ́n náà. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì, bíi ti inú ara. Bó bá tutù, èérún á sùn. Bó bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná jù, èérún á jinná bí ẹyin. Omi yìí ni iṣẹ́ mi. Tẹmómítà kan ṣoṣo tó péye la ní, ọwọ́ mi ló sì wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń di bẹ́líìtì ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni Ọlọ́kàn pè mí láìgbé ohùn sókè. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá bá mi wò ó, bóyá ojú mi ló ń tàn mí.” Ó ti fi ohun olómi kan tó ń rùn bíi pẹtiróòlù fọ èérún ọkàn, gbogbo ọ̀rá rẹ̀ sì ti bá a lọ. Èérún tó fọ̀ kò mí mọ́. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí ohun olómi náà gbẹ lọ, ohun tó kù nídìí ìgò kò ju epo pupa-rẹ́súrẹ́sú kan lọ, bí ẹ̀kán omijé méjì. Ó kán díẹ̀ nínú epo náà padà sórí èérún tó ti kú. A jókòó, a ń wo omi búlúù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò mira. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo rò pé mo rí i tó mira. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti gun ìlà méjì. “Ó ń gùn,” ni mo wí. Ó ní, “Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ó gùn.” Nígbà tó yá ló fi ọwọ́ bo ojú, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín. Ó ti rí ẹni tó ń gbé ẹrù kọjá.

Ó mú un tọ ọ̀gá lọ. Ọ̀gá ní, “Ẹ̀rí dà?” Ó fi ìwé hàn án. Ọ̀gá ní ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lọ́nà lẹ́ẹ̀mejèèjì, yìnyín yọ́, ọkàn náà bàjẹ́, èérún kò sì mí rárá. Ní àsìkò yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ àgbà ilé-ìwé fẹ́ wá wo iṣẹ́ wa. Àyè ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù fún ọdún tó ń bọ̀, Ọlọ́kàn àti ọkùnrin kan láti yàrá kejì ló sì ń dù ú. Ọ̀gá sọ fún un pé, “Ní ọjọ́ Ajé, ṣe é lójú wọn. Bó bá mí, ìwọ ni. Bí kò bá mí, mi ò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀.” Ọlọ́kàn ní, “Á mí, Sà.” Nígbà tí a jáde, ó bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, yìnyín ńkọ́?” Mo ní, “Ìlọ́po méjì ni màá kó.” “Omi ńkọ́?” Mo ní, “Ìwọ fi omi sílẹ̀ fún mi, àbúrò.”

Ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rèé. Mo ń kan àpótí kan nílé láti fi pa ẹyin adìyẹ, àpótí onígi tó ní fìtílà lábẹ́, kí òròmọdìẹ lè yọ láìsí ìyá. Àpótí náà nílò ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì àti ìdajì. Níbo ni n ó ti rí tẹmómítà tó péye? Mo fi aṣọ wé ti ilé-iṣẹ́, mo sì tì í sí àpò. Wọ́n ti lé olùṣọ́ kan lọ ní oṣù tó ṣáájú nítorí pé ó mú ìgò kan ṣoṣo lọ sílé. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mú un. Mo rò pé kí wọ́n tó dé ní ọjọ́ Ajé n ó ti dá a padà. Mo gbé e sínú àpótí, mo lọ ra ìṣó. Nígbà tí mo dé, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, fìtílà rẹ gbiná sókè nígbà kan, mo sì yí i wálẹ̀. Mo fọ́ ẹyin kan wò. Òròmọdìẹ kò sí níbẹ̀ o, àmọ́ bó o bá ní iyọ̀, a lè jẹun.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo wo tẹmómítà, kò fọ́. Mo dúpẹ́ pé kò fọ́. Mákúrì inú rẹ̀, omi bíi fàdákà tó ń sọ ìwọ̀n, ti wálẹ̀ sí àyè rẹ̀ lójú tèmi. N kò gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Èmi tí mo máa ń tú aago wẹ́wẹ́ wò, n kò gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kó yìnyín ìlọ́po méjì bí mo ti ṣèlérí. Wọ́n fún gbogbo wa ní kóòtù funfun tuntun nítorí àwọn àlejò. Mo fi tẹmómítà sínú ọpọ́n, ó sọ pé omi tutù, mo yí bọ́tìnnì ìgbóná sókè. Ó ṣì ní ó tutù. Mo tún yí i sókè, títí ó fi dúró lórí mẹ́tàdínlógójì. Mo kọ mẹ́tàdínlógójì sínú ìwé. Ní ọjọ́ gbogbo, mo máa ń ti ọwọ́ bọ omi náà kí n tó kọ ọ́, nítorí omi tó bá bá ara mu, ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára, kì í tutù, kì í gbóná. Ní ọjọ́ yẹn, n kò fẹ́ kí apá kóòtù tuntun rin.

Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó. Ọlọ́kàn to ìgò mẹ́sàn-án sínú omi: mẹ́ta tí kò fọ̀, mẹ́ta tó fọ̀, mẹ́ta tó fọ̀ tó sì dá epo padà sí. Ó ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ohùn tó dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn náà a wo omi búlúù. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Mo ń gbọ́ èémí ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, ó ń mí ju ìgò lọ. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, èyí àgbà nínú wọn wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ọmọ wa, ṣé ohun tí a wá wò nìyí?” Ọlọ́kàn tẹ̀ mọ́ ọpọ́n náà bí ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ dákun, àwọn tí mi ò tilẹ̀ fọ̀ pàápàá kò mí. Ìyẹn kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ti ṣe gbogbo wọn.” Àgbà náà ní, “Tàbí ọwọ́ rẹ ló ṣe wọ́n.” Wọ́n dìde. Ọ̀gá tẹ̀ lé wọn, kò wo ẹ̀yìn.

Ó ku èmi nìkan nínú yàrá. Mo fẹ́ palẹ̀ mọ́, mo ká apá kóòtù, mo ti ọwọ́ bọ omi. Mo yọ ọ́ kíá. Omi náà gbóná. Mo fa tẹmómítà yọ, mo gbé e sójú fèrèsé, mo sì rí i: lókè pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ẹyọ mákúrì kan wà tó kéré bí ojú ẹja, ó há síbẹ̀ láti ìgbà tí fìtílà ti gbiná. Nítorí pé ó ti kúrò lára àwọn yòókù, ohun tó kù nísàlẹ̀ kò gùn tó mọ́, ó sì ń fi ìgbóná pa mọ́. Mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹyọ náà bọ́ sílẹ̀, ó darapọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Mo dá a padà sínú omi. Mọ́kàndínláàádọ́ta. A ti se ọkàn náà jinná lójú àwọn àgbà, èmi ni mo sì dáná rẹ̀. Mo yí bọ́tìnnì wálẹ̀, mo bu omi tútù lé e, mo dúró tì í títí ó fi padà sí mẹ́tàdínlógójì. Ìwé ṣì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ní àárọ̀ kì í ṣe irọ́ nígbà tí mo kọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló tó di irọ́, nígbà tí n kò pa á rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, bóyá n bá ti rí oorun sùn láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó wá bá mi ní yàrá ẹ̀rọ, ó fa àga, ó jókòó sí iwájú mi gan-an. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo ti rò ó títí. Yìnyín kò yọ́. Mo kà á. Nǹkan kan ṣoṣo ló lè pa àwọn tí mo fọ̀ àti àwọn tí mi ò fọ̀ pọ̀, ìgbóná ni. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bínú sí yín, ẹ̀rọ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kàn sọ fún mi. Bí omi bá gbóná, màá lọ bá ọ̀gá, á fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti ṣèlérí fún mi. Kí ẹ kàn sọ pé ó gbóná. Ṣé ó gbóná?” Tẹmómítà wà nínú àpò mi bó ti ń sọ̀rọ̀. Mo ń rò ti olùṣọ́ tí wọ́n lé. Mo ń rò ti ọmọ mẹ́ta tó wà nílé. Mo wò ó lójú, mo ní, “Kò gbóná, àbúrò. Mẹ́tàdínlógójì ni. O rí i nínú ìwé.” Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní, “Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?” Èmi alábòsí ènìyàn, mo bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó mi orí. Ó ní, “Rárá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, a jẹ́ pé èmi ni. A jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ yẹn náà, bóyá nǹkan kan ló kó sínú ìgò.” Ó dìde bí àgbàlagbà.

Ó kó ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lọ di olùkọ́ ní ìlú kejì. Kó tó lọ, ó gbé ìgò kékeré kan fún mi, epo ọkàn rẹ̀ ló kù nínú rẹ̀, ó sì ti lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sí i. “Ẹ bá mi fi sínú firíìsà,” ló wí. “Bóyá kò wúlò, àmọ́ ọwọ́ mi kò gbà á láti dà á nù.”

Ẹ̀rù ló mú mi parọ́ àkọ́kọ́. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ nípa èkejì, nítorí ní ti èkejì ara mi balẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ẹnìkan ní ilé-ìwádìí òkèèrè ti fọ èérún ọkàn, kò sì mí mọ́. Ọ̀gá ní, “Tún-un-ṣe, bóyá mo ti ṣẹ ọmọbìnrin yẹn. Ǹjẹ́ ó fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú epo rẹ̀?” Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí epo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ọ̀gá á béèrè ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé yẹn, ẹni tó bá sì ti ń béèrè ẹ̀rí, orí omi ni yóò parí sí. Mo ní, “Rárá, Sà. Àmọ́ mo wò ó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, mo sì dán díẹ̀ wò fúnra mi. Ó wà nínú firíìsà.” Mo lọ síbẹ̀, mo bu omi gbígbóná sínú ọpọ́n, mo fi ìgò náà sí i títí bébà fi rọ̀. Mo fi àtàńpàkò bó orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó bọ́ wẹ́rẹ́, kò ya rárá. Mo nu ìgò náà gbẹ, mo gbé e fún ọ̀gá.

Ó ṣiṣẹ́. Omi búlúù gùn bí ẹni tí wọ́n ń pè láti òkè. Ọ̀gá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tuntun fi ọdún méjì fọ epo náà mọ́, títí ó fi di ègé kéékèèké tó ń dán bí iyọ̀ aláwọ̀ ọsàn. Wọ́n fi hàn pé òun ló ń gbé ẹrù kọjá àlàfo, pé láìsí i yàrá ìdáná sẹ́ẹ̀lì á ní oúnjẹ, á ní afẹ́fẹ́, kò sì ní lè mú agbára jáde. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ yọ epo náà. Orúkọ Ọlọ́kàn kò sí níbì kankan. Mo gé ojú ewé yẹn, mo fi dígí bò ó, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ọmọ mi dàgbà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó wá ṣí mi lẹ́nu rèé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ nínú pálọ̀ rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó dé, ó jókòó sí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Bàbá àgbà, olùkọ́ wa mọ̀ yín o. Mo sọ pé ilé-ìwádìí lẹ ti ṣiṣẹ́, ó bi mí pé, ‘Ṣé Tún-un-ṣe?’ Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń kó yìnyín fún òun.” Mo ní, “Kí ló tún sọ?” Ó ní, “Ó ní ẹ kì í parọ́. Ó ní iṣẹ́ kan bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, òun fẹ́ dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ̀yin lẹ wo òun lójú tẹ́ ẹ sọ òótọ́. Ó ní látìgbà yẹn lòun ti ń fi ìyẹn kọ́ gbogbo ọmọ. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: WO ỌWỌ́ RẸ KÍ O TÓ BÚ IRINṢẸ́. Bàbá àgbà, kí ló dé? Ṣé àyà ń dùn yín ni?”

Mo ní kó fún mi lómi. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni obìnrin yìí fi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ tó kọ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò, nítorí irọ́ tí mo pa nínú yàrá ẹ̀rọ. Mo ti rò pé ipò rẹ̀ nìkan ni mo gbà, àti orúkọ rẹ̀ lára ìgò. N kò mọ̀ pé mo ti gba ọwọ́ rẹ̀ náà.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n mú ohun kan lọ fún ìrántí, tẹmómítà yẹn ni mo mú. Wọ́n rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e sún mọ́ fìtílà, mo wò ó bí mákúrì ti ń sáré gòkè, mo sì jẹ́ kó tutù. Ẹyọ kékeré náà tún há sókè, ní ibi tó há sí ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ọ̀gá ti kú, ṣùgbọ́n bí ó bá bi mí níbi tó wà, ẹ̀rí rèé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi pè, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kò pọ̀. Ẹ ká apá kóòtù yín, kí ẹ ti ọwọ́ bọ omi. Bí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ó gbóná, ẹ sọ ọ́ ní wákàtí yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tó rọrùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè di òkè ńlá kó tó di Ọjọ́rú. Bí ẹ bá fẹ́ kan pátákó, orúkọ Ọlọ́kàn gan-an ni kí ẹ kọ. Ọmọ ọmọ mi á sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀dà ìwé yìí kan wà fún Ọlọ́kàn, èmi ni n ó sì gbé e lọ fún un. Mo ti béèrè ilé rẹ̀. Àjà kẹta ló ń gbé, àtẹ̀gùn márùndínlógójì ni, ọmọ náà bá mi kà á. Dókítà ní kí n má gùn ún. Màá gùn ún díẹ̀díẹ̀, màá máa sinmi ní orí gbogbo ẹ̀karùn-ún. N kò ní sọ pé kó dárí jì mí kó tó rí ẹ̀rí. Màá kọ́kọ́ na tẹmómítà sí i, kó gbé e sójú fèrèsé, kó wo òkè pátápátá. Lẹ́yìn náà ni n ó tó sọ fún un pé, “Àbúrò mi, ó gbóná.”